Ṣé ẹni tó ka ìbéèrè ọdún tó kọjá jí ìwé wò ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti pín ilé wa sí méjì láti ọjọ́bọ̀. Bàbá wa ń sọ tiwọn, màmá wa ń sọ tiwọn, èmi ò tíì mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo wà.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì kan. Wọ́n ṣe ìdánwò Físíìsì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n kan ní họ́sítẹ̀lì fún un ní ìdì ìwé kan: ìbéèrè ọdún 5 tí olùkọ́ yìí kan náà ti ṣe sẹ́yìn, wọ́n fi bírò kọ ìdáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dé gbọ̀ngàn, ó ní nínú ìbéèrè 6, òun ti rí 4 rí. Ó kọ, ó jáde, ó pe màmá wa pé kí wọ́n máa dúpẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ ni olùkọ́ wọ kíláàsì, ó ní òun ò ní gbé èsì ẹnikẹ́ni jáde. Ó ní màgòmágó ni, pé kí ẹni tó bá ní àwọn ìwé àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ọmọ yìí ò sùn mọ́. Ó ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé olè ni mo jà?" Kò mú ìwé wọ gbọ̀ngàn. Kò wo ti ẹnikẹ́ni. Ó kàwé ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kó fi orúkọ sílẹ̀ ni àbí kó dákẹ́?

Ọmọ_Ìkirè · 8:21 alẹ́

Olè bí i ti báwo? Ta ni kò ka past question rí ní Nàìjíríà yìí? Kó má fi orúkọ kankan sílẹ̀ o. Olùkọ́ tó ń gbé ìbéèrè kan náà kalẹ̀ lọ́dọọdún bí ẹni ń gbé ọbẹ̀ àná kaná, òun ni kí wọ́n lọ bá wí.

Alhaji_Ìwó · 8:30 alẹ́

Ẹ rọra o. Ọ̀rọ̀ màgòmágó ìdánwò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ọdún 21 ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 9:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà, ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní girama, mo sì máàkì ìwé WAEC títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Ohun méjì wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti pò pọ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe, tí ẹni tó ni ín sì ti tú u sílẹ̀, ìwé kíkà ni. WAEC fúnra wọn ló ń gbé ìbéèrè àtijọ́ síta. Wọ́n tún ń gbé àbọ̀ àwọn ọ̀gá amáàkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ibi tí àwọn ọmọ ti ṣìnà. ICAN ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ di akáńtáǹtì. Pathfinder ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà níbẹ̀. Ta ni yóò kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ọ tán tí yóò tún yí padà pè ọ́ lólè?

Expo ni ohun kejì. Ìbéèrè tí wọn ò tíì ṣe nìyẹn. Àwa tó ti gbọ́njú ní 1977 rántí bí ìbéèrè WAEC ṣe jò lọ́dún FESTAC, tí wọ́n ń pè é ní Expo 77. Ẹni tó ra ìyẹn mọ ohun tó rà, kò sí pé ó ṣe bí ẹni ṣeéṣì.

Àmọ́ ẹjọ́ kékeré kan wà láàárín èmi àti àwọn tó sọ ìbéèrè àtijọ́ di ìwé ìgbàlà. Lọ́dún kan, ọmọ kan ti há àròkọ alálàyé sórí: ọ̀nà tí a lè gbà dín ìjàǹbá ọkọ̀ kù. Onísọ̀rọ̀-ǹ-gbèsì ló jáde lọ́dún náà: iṣẹ́ dókítà sàn ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ dáadáa, "Alága, ẹ̀yin onídàájọ́ òdodo, olùdíwọ̀n àkókò," ó yin dókítà fún gbólóhùn mẹ́ta. Ní ìpínrọ̀ kejì, dókítà wọ mọ́tò, ó gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, táyà bẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìjàǹbá ọkọ̀ ni mo kà títí mo fi parí ìwé náà.

Ọmọ_Ìkirè · 9:06 alẹ́

Bàbá, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín! Ṣé dókítà náà yè é?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 9:11 alẹ́

Ó kú ní ìpínrọ̀ kẹrin. Mo fún un ní máàkì èdè.

Nọ́ọ̀sì_Leeds · 10:40 alẹ́

Ọmọ mi àgbà ń múra GCSE, ìdánwò àṣejáde girama, níbí. Tíṣà rẹ̀ gan-an ló ń tẹ ìbéèrè àtijọ́ jáde fún wọn. AQA, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, kó wọn sórí ìkànnì wọn pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń máàkì rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àfi ti ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá tí wọ́n máa ń dì mú díẹ̀ kí àwọn tíṣà lè fi dán ọmọ wò. Bí èèyàn bá sọ níbí pé màgòmágó ni, wọn ò ní mọ ohun tó ń sọ.

Àmọ́ ẹ wo ti ìdánwò ìwé tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wa ọkọ̀. Ìbéèrè 50, o gbọ́dọ̀ gba 43. Nígbà kan, ìbéèrè gan-an pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n ń tà nínú ìwé. Láti 2012 wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀. Ìdánrawò ṣì wà tó o lè rà, ṣùgbọ́n èyí tí wàá bá pàdé lọ́jọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó há "C" sórí máa wa ọkọ̀ lójú títì.

NCLEX ńkọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Amẹ́ríkà? Ìwọ fúnra rẹ ló máa gbà pé o ò ní sọ ìbéèrè kankan fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìdánwò. Ẹni tó jáde tó ń kó ohun tó rántí sórí WhatsApp ti yẹ àdéhùn. Àtijọ́ nìyẹn náà o, wọ́n ti ṣe é kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiẹ̀ láti pín. Torí náà mo fẹ́ bi yín, Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà: ta ló tú ìwé tí àbúrò yín kà sílẹ̀?

Olùkọ́_Lẹ́sìn · Ọjọ́ Ajé, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ JAMB ni mò ń kọ́, past question sì ni oúnjẹ wa, mi ò ní purọ́. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì: 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù. Ẹ pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tí kò tíì fi ti àtijọ́ dánra wò, kó tó ka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì tán ilẹ̀ ti ṣú. Ìyára la fi ń kọ́ wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tí wọ́n ń tà lójú títì ní "ìbéèrè JAMB ọdún tó kọjá". Láti 2015 tí gbogbo rẹ̀ ti di orí kọ̀ǹpútà, ọmọ kankan kò mú ìwé ìbéèrè jáde mọ́. Ibo wá ni wọ́n ti rí i? Orí ọmọ tó jáde ni. Ọ̀kan rántí ààbọ̀, èkejì fi tiẹ̀ kún un, ọ̀gá atẹ̀wé dá èyí tó kù. Mo ti rí ìbéèrè Bàọ́lọ́jì kan nínú rẹ̀ tí kò ní ìdáhùn kankan láyé.

   

Olùkọ́_Yunifásítì · 7:30 àárọ̀

Mo ń kọ́ Físíìsì, kì í ṣe níbi tí àbúrò yín wà. Nọ́ọ̀sì ti bèèrè ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ bèèrè. Èkejì rèé: báwo ni olùkọ́ náà ṣe mọ̀? Ẹni tó fúnra rẹ̀ tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe ti mọ̀ pé ó jọra. Ohun mìíràn ló tú àṣírí yẹn. Ẹ bi ọmọ náà dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà · 1:15 ọ̀sán

Mo ti pè é. Ẹ má bínú, kò sọ gbogbo rẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Àkọ́kọ́, olùkọ́ yẹn máa ń gba ìwé ìbéèrè padà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè ìwé gan-an pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un jáde. Àbúrò mi rí i lórí fọ́tòkópì tí wọ́n fún un, ó ní òun rò pé ọdún yẹn nìkan ni ìkìlọ̀ náà wà fún.

Èkejì ló mú ẹnu mi wọhò. Ìbéèrè kan wà nípa bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè. Nínú ìwé àtijọ́, 20 m/s ni wọ́n fi jù ú, wọ́n ní kí o mú g (bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sísàlẹ̀) ní 10, kí o sọ bó ṣe máa ga tó. Ìdáhùn tí wọ́n fi bírò kọ ni mítà 20. Lọ́dún yìí, olùkọ́ yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà: 30 m/s. Àbúrò mi kọ mítà 20. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì ló kọ mítà 20.

Olùkọ́_Yunifásítì · 1:40 ọ̀sán

Mo rò bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tí kò ṣe Físíìsì: ẹ fi 30 lọ́nà 30, ó jẹ́ 900, ẹ pín in sí 20 (g lọ́nà méjì), mítà 45 ni. Ẹni tó bá ṣi í ṣe lè kọ 90, ó lè kọ 9. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fi 30 ṣe iṣẹ́ yìí kó bọ́ sórí 20 gẹ́ẹ́ bí kò bá mú un wá láti ibòmíràn. Nígbà tí àádọ́ta ọmọ bá ṣe àṣìṣe kan náà tí ìṣirò kankan ò lè bí, o ti mọ̀ pé ìwé kan ń rìn kiri.

Ní tèmi, ẹni tó kọ 20 ti gba ìyà rẹ̀: kò sí máàkì fún un níbẹ̀. Àìmọ̀ nìyẹn. Àtìmọ́lé èsì tún wá dà bí ìgbà tí wọ́n na ọmọ tó ti ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Mo ti tún ìbéèrè ṣe rí. Ọmọ 600 nínú kíláàsì kan, èmi nìkan ni mò ń máàkì, kò sí ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí n fi ìbéèrè sílẹ̀, mo ṣí ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo yí ọjọ́ tó wà lókè ìwé padà, mo sùn. Èmi náà máa ń gba ìwé padà nígbà yẹn. Kì í ṣe torí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń gbà á o, torí kí n lè tún un lò ni.

Ní báyìí, èmi fúnra mi ni mò ń fi gbogbo ìbéèrè tí mo ti ṣe rí fún kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ń ná mi ní òógùn, torí mo gbọ́dọ̀ ronú èyí tuntun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba kọ̀rọ̀ rà á mọ́.

Ọmọ_Ìkirè · 1:52 ọ̀sán

Ẹ ṣé sà. Ohun tí mo sọ láti àárọ̀ nìyẹn! Ọbẹ̀ àná!

Tíṣà_Fẹ̀yìntì · 2:20 ọ̀sán

Ọmọ_Ìkirè, má tíì jó. Mo sọ lánàá pé ìbéèrè tí ẹni tó ni ín bá ti tú sílẹ̀, ìwé kíkà ni. Èyí, kò tú u sílẹ̀. Ẹnìkan dì í mọ́ inú ṣẹ́ẹ̀tì gbé jáde. Ọmọ yẹn tún rí ìkìlọ̀ lórí rẹ̀. Mi ò ní pè é ní olè, ṣùgbọ́n mo ti fa ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀ nínú ohun tí mo sọ.

Ọmọ_Ìkirè · 2:26 ọ̀sán

Bàbá mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún kìíní dé họ́sítẹ̀lì, ẹ̀gbọ́n kan gbé ìwé lé e lọ́wọ́, "gba, ohun tí gbogbo wa kà nìyí." Kí ló fẹ́ sọ? Pé kí ẹ̀gbọ́n mú ríìsíìtì wá?

Fọ́tòkópì_Géètì · 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá géètì ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọdún kẹsàn-án mi rèé. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò kì í ráyè jẹun. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí ìwé ti ń wá? Mo ti rí oríṣiríṣi.

Àwọn kan ń mú un jáde lóòótọ́, ká a sí mẹ́rin, tẹ̀ ẹ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn kan kì í mú ohunkóhun jáde: ọmọ mẹ́fà á pín ìbéèrè láàárín ara wọn, ìwọ há ìkíní, èmi há ìkejì, wọ́n á pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi kọ ọ́ jáde kó tó fò lórí wọn. Èyí tó pọ̀ jù, tẹ́ ẹ ò ní gbàgbọ́, inú ọ́fíìsì ló ti ń jáde. Bí wọ́n bá ń gbálẹ̀ ìparí ọdún, àpò ìwé ìbéèrè tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń kó jáde bí pàǹtírí. Wọ́n ń fi òṣùwọ̀n tà á fún alákàrà àti ẹlẹ́pà. Ìwé tí olùkọ́ gbà padà lọ́wọ́ ọmọ bí ẹni gba ìbọn, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà jáde.

Ohun kan tún wà. Ìdáhùn bírò yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ìdì kan wà tí mo ti ń fọ́tòkópì rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró síwájú mi, ó wo ojú ìwé kẹta, ó ní, "Ọ̀gá, èyí ò tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó fi bírò mi ṣe é, èsì mìíràn jáde. Ìran ọmọ mẹ́rin ló ti kọ àṣìṣe yẹn sínú ìwé ìdánwò pẹ̀lú ìdánilójú.

Alhaji_Ìwó · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ìwọ tó ń tà á ńkọ́? Ṣé kò yẹ kí ìwọ náà fi orúkọ sílẹ̀?

Fọ́tòkópì_Géètì · 4:41 ìrọ̀lẹ́

Alhaji, ojú ìwé ni mò ń tà, 50 náírà. Bí wọ́n gbé Kùránì wá, 50 náírà. Bí wọ́n gbé Bíbélì wá, 50 náírà.

Ọmọ_Ilé · 9:55 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún nínú dáńfó. Gbogbo yín ń bèèrè bóyá ẹni tó kà á jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tí kò rí i.

Mi ò gbé họ́sítẹ̀lì rí. Ìkòròdú ni mo ti ń wá sí kíláàsì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí. Bí kíláàsì bá tú, mò ń sáré kí ọkọ̀ má baà wọ́n. Mo ka nóòtì, mo ka ìwé tí olùkọ́ dárúkọ, mo yanjú àpẹẹrẹ ẹ̀yìn orí kọ̀ọ̀kan. Mo gba 52. Ẹni tó máa ń jókòó tì mí gba 78, mo sì mọ̀ ọ́n, èmi ni mo máa ń ṣàlàyé fún un. Mo rò pé orí mi ni kò pé. Odidi ọdún méjì ni mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹgbẹ́ àdúrà kan ní họ́sítẹ̀lì ní "báńkì", tí wọ́n ń fi ìbéèrè àtijọ́ ta ara wọn lọ́rẹ láti ọdún dé ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé ìwé kan náà la jọ kà.

Nọ́ọ̀sì_Leeds · 10:20 alẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ìwọ lo fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti ọmọ mi níbí kò dun ẹnikẹ́ni nítorí pé ọmọ tó wà lábúlé àti èyí tó wà ní London, ìkànnì kan náà ni wọ́n ń ṣí.

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀wọ̀n ọdún 21 kúrò lọ́rùn ọmọ yìí kó lè sùn. Dikirì 20 ti 1984, nígbà ológun, ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin màgòmágó ìdánwò tí a ń lò lónìí, 1999 ló jáde, ìjìyà rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ìgbà yẹn. Ó dárúkọ jíjí ìwé wò, jíjí ìwé ìbéèrè, ṣíṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn, dídí alámòójútó lọ́wọ́, ayédèrú èsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí mo ti rí i pé kíka ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe kọjá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó jí ìwé jáde, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà, ohun tó lè mú àbúrò yín ni ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó wọlé. Ẹ wá a jáde, ẹ kà á. Bó bá máa lọ bá olùkọ́, kó má fi ọwọ́ sí ìwé kankan tó ní "mo ṣe màgòmágó". Ohun tó ṣe ni kó sọ: wọ́n fún mi ní fọ́tòkópì, mo kà á, mo rí ìkìlọ̀ lórí rẹ̀, kò yé mi. Kó má sì lọ ní òun nìkan.

Ọmọ_Ìkirè · 8:25 àárọ̀

Kí wọ́n wá ní kó dárúkọ ẹ̀gbọ́n tó fún un ńkọ́?

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́ · 8:33 àárọ̀

Ìyẹn, òun àti ọkàn rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà · Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, 7:50 alẹ́

Mo padà wá jábọ̀, ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Lọ́jọ́rú ni ó lọ, òun àti olórí kíláàsì pẹ̀lú ọmọ 11 mìíràn. Olùkọ́ pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi tiwa pé ibo ló ti rí ìwé, ó ní họ́sítẹ̀lì. Ta ni? Ó ní òun ò lè dárúkọ. Ó ní ọ̀gbẹ́ni náà wò ó títí, kò sọ nǹkan kan, ó wá fa páálí kan jáde, ó ní kó yanjú ìbéèrè bọ́ọ̀lù yẹn níwájú òun, 30 m/s. Ó yanjú rẹ̀. Mítà 45. Ó bi í pé, "Kí ló wá dé tó o kọ 20?" Ó ní òun ò ka ìbéèrè náà parí, pé bí òun ṣe rí "bọ́ọ̀lù" ni ọwọ́ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Àbájáde: kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ó fagi lé ìdánwò yẹn, gbogbo kíláàsì yóò tún un ṣe ní ọjọ́ 14 sí i. Ìbéèrè tuntun. Màmá wa ní kí a dúpẹ́, bàbá wa ṣì ń bínú pé ọmọ òun rí ìkìlọ̀ tó sì ń kà á lọ.

Ọmọ_Ilé · 8:04 alẹ́

Gbogbo kíláàsì? Àtàwọn tí kò rí ìwé yẹn rí? Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀, tó kàwé, tó rí mítà 45 rẹ̀ pẹ̀lú ọpọlọ ara rẹ̀, òun náà yóò tún un ṣe?

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀tà · 8:09 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn.

Olùkọ́_Yunifásítì · 8:31 alẹ́

Ó yẹ kó fagi lé ìbéèrè mẹ́rin tó tún ṣe yẹn nìkan, kó máàkì méjì tó kù. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀sẹ̀ máàkì ṣe ń rí. Ọmọ_Ilé, o ò jẹ̀bi láti bínú.

Fọ́tòkópì_Géètì · 8:50 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ mí lára. Mo kó gbogbo ìdì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi jáde lọ́jọ́ Sátidé, mo ní n ò tà á mọ́. Alákàrà tó wà lódìkejì ló rà á, ó fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Lónìí, ọmọ kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, àkàrà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé tí wọ́n fi dì í lọ́wọ́ òsì, ó ní kí n bá òun ṣe ẹ̀dà 5.

Ọmọ_Ìkirè · 8:53 alẹ́

Yéè! Ṣé bọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀? 20 ni àbí 30?

Fọ́tòkópì_Géètì · 8:58 alẹ́

Òróró ti bo nọ́ńbà rẹ̀.